Ẹ jẹ́ ká mọ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kọjá ìròyìn ẹnubodè

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn akọ̀ròyìn yín fún iṣẹ́ takuntakun tí ẹ ń ṣe kí èdè wa má baà pòórá lórí ìwé. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ti wà lọ́kàn mi fún ìgbà pípẹ́, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní agbègbè tí kò jìnnà sí ẹnubodè Ìdìròkó. Bí ènìyàn bá kó àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá jọ, tó sì wá gbogbo ibi tí wọ́n ti dárúkọ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ìròyìn kan náà ni yóò máa bá pàdé: àwọn aṣọ́bodè gba ìrẹsì lọ́wọ́ onífàyàwọ́, ọwọ́ tẹ ọ̀daràn kan tó fẹ́ gba Sẹ̀mẹ̀ sá lọ, tàbí, bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun dáwọ́ dúró ná lórí ìwé-ẹ̀rí àwọn tó kàwé níbẹ̀. Òótọ́ ni àwọn ìròyìn wọ̀nyí, ó sì tọ́ kí ẹ máa gbé wọn jáde. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tí àwọn ọmọ Yorùbá tó ju mílíọ̀nù kan lọ ti jẹ́ ọmọ onílẹ̀, tí ìlú Alákétu àti ti Oníṣábẹ wà nínú rẹ̀, kò yẹ kó jẹ́ pé ẹnu aṣọ́bodè nìkan la ó ti máa gbọ́ nípa rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè kí n sọ irú orílẹ̀-èdè tó jẹ́, kí ẹ lè rí ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ fún un.

Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ tóóró tó gùn. Etíkun rẹ̀ kò ju nǹkan bí 120 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbéra ní Kútọnu tó fẹ́ dé Malanville, níbi tí Odò Ọya ti pààlà láàárín òun àti orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, yóò rin ojú títì tó ju 700 kìlómítà lọ. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 114,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ilẹ̀ Nàìjíríà tó ìlọ́po mẹ́jọ rẹ̀. Tógò ló wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, Bùrkínà Fasò àti Nìjẹ̀r ló wà ní òkè, ìpínlẹ̀ mẹ́fà nínú ti Nàìjíríà ló sì fara kàn án ní ìlà-oòrùn: Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Kwara, Niger àti Kebbi. Àwa tí à ń gbé ní Ìlaròó, ní Ìmẹ̀kọ tàbí ní Ṣakí sún mọ́ wọn ju bí a ti sún mọ́ Abuja lọ.

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ilẹ̀ oníyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà láàárín òkun àti ọ̀sà, orí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì kọ́ Kútọnu sí. Ọ̀sà Nokoué wà lẹ́yìn ìlú náà. Ọ̀sà Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, tẹ̀lé e, omi yìí kan náà ló sì ń bá a lọ dé Àgbádárìgì àti Èkó, tó fi jẹ́ pé láyé àtijọ́, àwọn oníṣòwò a máa tukọ̀ láti Èkó dé Àjàṣẹ́ láìfojú kan òkun. Nígbà tí wọ́n kọ́ èbúté ńlá sí Kútọnu, tí wọ́n ṣí i ní ọdún 1965, òkúta tí wọ́n fi dí ìgbì dá yanrìn tí òkun máa ń gbé láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn dúró, láti ìgbà náà sì ni òkun ti ń jẹ apá ìlà-oòrùn ìlú náà, tí ilé àti òpópónà sì ti bá a lọ. Ẹni tó bá ti tẹ̀lé ọ̀rọ̀ etíkun Èkó yóò mọ̀ pé ìṣòro kan náà ló ń bá ìlú méjèèjì fínra, síbẹ̀ n kò tíì rí ìwé ìròyìn wa kan tó gbé wọn pọ̀ yẹ̀ wò.

Ohun tó wù mí jù nínú jọ́gíráfì Bẹ̀nẹ̀ ni ọ̀rọ̀ igbó rẹ̀. Igbó kìjikìji tó wà ní ilẹ̀ Oǹdó àti Ìjẹ̀bú kò tẹ̀ síwájú lọ ní tààrà sí ìwọ̀-oòrùn. Bí ó ti ń sún mọ́ ẹnubodè ló ń fẹ́lẹ́, nígbà tó bá sì di Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti ìlà-oòrùn Gánà, ọ̀dàn ló kù, ó sì lọ títí dé etí òkun, kí igbó ńlá tó tún bẹ̀rẹ̀ níwájú. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Àlàfo Dahomey; Dahomey ni orúkọ tí Bẹ̀nẹ̀ ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé etíkun ibẹ̀ dojú kọ ọ̀nà kan tó jẹ́ pé atẹ́gùn tó ń gbé òjò bọ̀ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ kọjá dípò kó wọ inú rẹ̀, àti pé omi tútù máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun ní àwọn oṣù kan nínú ọdún, èyí tí kì í jẹ́ kí ìkùukùu tó nípọn kó jọ. Ọ̀rọ̀ òjò lásán kọ́ lèyí. Ojú ọ̀dàn yìí ni àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ gbà tí wọ́n fi lè sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà òkun, níbi tí igbó ìbá ti dí wọn lọ́nà, tí eṣinṣin ìrù ìbá sì ti pa ẹṣin wọn. Nítorí náà ni ìjọba Dahomey ti Abomey ṣe ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ọ̀rúndún 18, títí tí Ọba Gezo fi já àjàgà náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó tẹ̀lé e.

Bí a bá ń gòkè lọ, a ó kan ilẹ̀ pupa tó ga díẹ̀ ní agbègbè Allada, lẹ́yìn náà a ó kan àfonífojì Lama tí amọ̀ rẹ̀ dúdú, tó máa ń rọ̀ bí ẹ̀kọ nígbà òjò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn òkè olókùúta ti Ìdáàṣà àti Ṣábẹ, tó jọ ti Ìdànrè àti Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń sá sí nígbà ogun. Ilẹ̀ Bọ̀rgú tẹ́ lọ rẹrẹ níwájú dé Parakou àti Nikki, òkè Atakora sì wà ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni odò Ouémé ti ṣẹ̀, tó sì ṣàn nǹkan bí 500 kìlómítà kó tó wọ inú ọ̀sà lẹ́bàá Kútọnu. Òjò máa ń rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ní ìsàlẹ̀ bíi tiwa, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń rọ̀ lókè. Ọgbà ẹranko Pendjari àti W, tí kìnnìún àti erin ṣì wà nínú wọn, wà ní ìpẹ̀kun àríwá náà. Ó bani nínú jẹ́ pé láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni àwọn agbébọn tó ń ti Bùrkínà Fasò àti Nìjẹ̀r wọlé ti sọ agbègbè yẹn di ibi ẹ̀rù, tí wọ́n sì ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Bẹ̀nẹ̀.

Ìkànìyàn ọdún 2013 ka ènìyàn tó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 10. Lónìí wọ́n ti kọjá mílíọ̀nù 13. Nínú ìkànìyàn náà, àwọn Fọ̀n jẹ́ nǹkan bí 38 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn Àjá jẹ́ 15, àwọn Yorùbá jẹ́ 12, àwọn Ìbàrìbá àti Fúlàní sì tẹ̀lé wọn, kí a tó wá kan àwọn Ditamari, Dẹ́ndì àti àwọn mìíràn. Àwọn Yorùbá ibẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Nàgó, wà ní Kétu, Ṣábẹ, Ìdáàṣà, Pobẹ̀, Sakété, Ìfọ̀nyìn àti Bantè, wọ́n sì pọ̀ ní Àjàṣẹ́ tí í ṣe olú-ìlú lójú òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kútọnu ni ìjọba fìdí kalẹ̀ sí. Àwọn Mókólé pàápàá wà lókè lọ́hùn-ún lẹ́bàá Kandi, níbi tí Ìbàrìbá àti Dẹ́ndì ti yí wọn ká, èdè tí wọ́n sì ń sọ bá ti wa tan. Nínú ìtàn tí wọ́n ń pa ní Ọ̀yọ́ nípa àwọn ọmọ ọmọ Odùduwà méje, Alákétu, Oníṣábẹ àti Olúpópò wà lára wọn, inú Bẹ̀nẹ̀ òde òní sì ni ilẹ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa tó ń ka ìtàn yìí nílé ìwé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀?

Òyìnbó ló fa ilà tó là wá sí méjì. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí àdéhùn ààlà ní Paris láìbi ọba kankan léèrè. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá, tí wọ́n jẹ́ ti Alákétu, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asiwaju, ọmọ bíbí Ìmẹ̀kọ, ti fi ìwádìí rẹ̀ hàn pé lásìkò ìjọba amúnisìn, ọ̀pọ̀ ènìyàn kó ẹrù wọn láti apá Faransé wá sí apá ti Gẹ̀ẹ́sì nítorí iṣẹ́ àfipáṣe àti fífi ipá mú àwọn ọ̀dọ́ wọ iṣẹ́ ológun. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìdílé ní Yewa fi ní ilé ní ìhà méjèèjì, tí oko bàbá ẹlòmíràn wà ní orílẹ̀-èdè kan, tí ibojì rẹ̀ sì wà ní èkejì.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń sọ̀rọ̀ bíi pé àwa àti gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ti jọ ń gbé ní ìrẹ́pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìjọba Dahomey tó fìdí múlẹ̀ ní Abomey gbé ogun ja Abẹ́òkúta ní ọdún 1851 àti 1864, àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà nígbà méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn jagunjagun obìnrin wọn jà débi tí àwọn tó rí wọn kò fi gbàgbé. Ní ọdún 1886, wọ́n pa Kétu run, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ará ìlú lẹ́rú. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dahomey ni àwọn tó kù tó padà wá tún un tẹ̀ dó. Àkàbà Ìdènà, ẹnu ọ̀nà odi ìlú tí wọ́n fi ń ṣọ́ Kétu, ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ọba Béhanzin tó bá Faransé jà láti ọdún 1890 tẹrí ba ní oṣù Kìn-ín-ní 1894, wọ́n kó o lọ sí erékùṣù Martinique, Algiers ló sì kú sí ní 1906. Àwọn ààfin Abomey wà lára àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé tí àjọ UNESCO kọ sílẹ̀ láti ọdún 1985. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, Faransé dá 26 nínú àwọn ohun ọ̀ṣọ́ àti ère ọba tí wọ́n kó lọ nígbà ogun náà padà, àwọn ará ìlú sì rọ́ lọ wò wọ́n ní Kútọnu ní ọdún tó tẹ̀lé e. Àwa tí a ṣì ń bá àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkè òkun fa ọ̀rọ̀ àwọn ère Ìbíní àti ti Ifẹ̀ ní ohun púpọ̀ láti kọ́ lára bí wọ́n ṣe ṣe é.

Wọ́n gba òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1960, oṣù méjì ṣáájú wa. Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nígbà náà ni Dahomey. Ìjọba wọn kò fìdí múlẹ̀ bọ̀rọ̀: àwọn ológun dìtẹ̀ gbàjọba ní 1963, 1965, 1967, 1969 àti 1972, ìgbà kan sì wà tí àwọn olóṣèlú mẹ́ta, Maga, Apithy àti Ahomadégbé, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹkùn tirẹ̀, fẹnu kò láti máa fi ipò ààrẹ jẹ oyè àjẹyípo. Mathieu Kérékou tó gba ìjọba ní 1972 ló yí orúkọ náà padà sí Bẹ̀nẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 1975, ó sì fi ètò Mákísì darí ìlú títí tí àpò ìjọba fi gbẹ, tí owó oṣù kò jáde mọ́. Ohun tó tẹ̀lé e ló yẹ kí gbogbo ọmọ Áfíríkà mọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1990, wọ́n pe àpérò gbogbogbò ní Kútọnu. Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ló darí rẹ̀, àpérò náà sọ pé òun ni àṣẹ wà lọ́wọ́ òun, Kérékou sì gbà láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Nicéphore Soglo fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀ nínú ìdìbò 1991, Kérékou gbé ìjọba sílẹ̀, ó tọrọ ìdáríjì, ó lọ jókòó sílé rẹ̀, nígbà tó sì di 1996, àwọn ará ìlú kan náà tún dìbò yàn án padà. Tógò, Kóńgò àti Nìjẹ̀r ló tẹ̀lé àpẹẹrẹ àpérò yẹn. Ó dùn mí pé iyì yìí ti dín kù lábẹ́ Patrice Talon, tó gorí àlééfà gẹ́gẹ́ bí ààrẹ ní 2016: ní ìdìbò ilé aṣòfin ti 2019, kò sí ẹgbẹ́ alátakò kankan lórí ìwé ìdìbò, wọ́n sì rán àwọn gbajúmọ̀ alátakò lẹ́wọ̀n ọlọ́dún gbọọrọ lẹ́yìn ìdìbò 2021.

Ní ti ọrọ̀ ajé, òwú ni òpómúléró wọn. Ẹkùn Alibori lókè, pàápàá Banikoara, ló ń mú èyí tó pọ̀ jù wá, ní àwọn ọdún kan láìpẹ́ yìí sì ni ìkórè wọn kọjá 700,000 tọ́ọ̀nù, èyí tó gbé wọn sí iwájú láàárín àwọn olówùú Áfíríkà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kó òwú yìí ránṣẹ́ sí Éṣíà ní tútù, tí wọ́n sì ń ra aṣọ padà. Ìjọba wá ṣí àgbègbè ilé-iṣẹ́ kan sí Glo-Djigbé, ní òkè Kútọnu, kí wọ́n lè máa ran òwú, kí wọ́n máa hun aṣọ, kí wọ́n sì máa pa kajú níbẹ̀. Láti ọdún 2024 ni wọ́n sì ti fòfin de kíkó kajú tí wọn kò tíì pa jáde nílẹ̀ náà. Èyí jẹ́ ohun tó yẹ kí àwọn àgbẹ̀ kajú wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní Kwara máa gbọ́ nípa rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ṣé iye tí àgbẹ̀ ń gbà ti lọ sókè ni àbí ó ti wálẹ̀, ta ló ń jèrè, àwọn wo ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Ọ̀pẹ òyìnbó Allada dùn débi pé òkìkí rẹ̀ kàn dé Yúróòpù. Iṣu Ṣábẹ, Bantè àti Glazoué ń bọ́ Kútọnu bí ti Ṣakí ṣe ń bọ́ Ìbàdàn. Ní Àjàṣẹ́, ibùdó Songhaï tí Àlùfáà Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, dá sílẹ̀ ní 1985, ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ àgbẹ̀ tí kì í fi ohunkóhun ṣòfò, ó sì ti tàn dé Nàìjíríà pàápàá.

Òwò ni nǹkan kejì, ọ̀dọ̀ wa sì ni òwò náà dojú kọ jù. Èbúté Kútọnu ló ń gba ẹrù Nìjẹ̀r, tí kò ní etíkun. Ó sì ti ń gba ẹrù tó ń bọ̀ wá sí Nàìjíríà láti ìgbà pípẹ́, yálà ìrẹsì, adìẹ dídì tàbí ọkọ̀ tòkúnbọ̀. Èyí tí ìjọba wa fòfin dè tàbí tí ó bu owó orí ńlá lé ni àwọn oníṣòwò ń gbà Kútọnu wọlé. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè pa láti oṣù Kẹjọ 2019 títí di oṣù Kejìlá 2020, ohun tí a kọ nípa rẹ̀ níbí ni pé ìrẹsì Ọ̀fàdà àti Kebbi yóò rí ọjà. Ohun tí a kò kọ ni pé ọ̀pẹ òyìnbó àti tòmátì àwọn àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ jẹrà sí oko nítorí pé Èkó ni wọ́n ń kó wọn wá tà, àti pé àwọn ìyá oníṣòwò tiwa tó ń ra ọjà ní Dantokpa, ọjà ńlá Kútọnu, pàdánù gbogbo owó wọn.

Ọ̀nà kejì náà sì wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọlọ́kadà Kútọnu, tí wọ́n ń pè ní zémidjan, ti ń ra epo Nàìjíríà tí ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ kpayo. Owó ìrànwọ́ tí ìjọba wa ń san lórí epo ló mú un pọ̀. Ọjọ́ tí Ààrẹ Bola Tinubu kéde ní oṣù Karùn-ún 2023 pé ìrànwọ́ náà ti lọ, iye epo ní Kútọnu fò sókè bíi ti Ìbàdàn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ilé tí wọ́n ń kó irú epo bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí gbiná ní Kraké lẹ́bàá ẹnubodè, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 30. Owó tí wọ́n ń ná ni Sẹ́fà, tí wọ́n dè mọ́ owó yúrò ní 655.957 sí yúrò kan, nítorí náà kì í ṣubú bíi náírà. Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní 2023 ni ọjà wa ti rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti rà, tí tiwọn sì ti wọ́n jù fún wa. Epo rọ̀bì pàápàá ti dé síbẹ̀: páìpù tó sún mọ́ 2,000 kìlómítà ń gbé epo láti aṣálẹ̀ Nìjẹ̀r wá sí etíkun Sẹ̀mẹ̀, ọkọ̀ òkun àkọ́kọ́ sì rù nínú rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 2024, láàárín ìgbà tí ìjọba ológun Nìjẹ̀r àti ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń bínú síra wọn lórí ẹnubodè tí wọ́n tì.

Àṣà àti ẹ̀sìn ni mo rò pé àwọn òǹkàwé yín yóò gbádùn jù. Ìkànìyàn 2013 fi hàn pé Mùsùlùmí ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ díẹ̀, Kátólíìkì sún mọ́ wọn, àwọn tó sì pe ara wọn ní ẹlẹ́sìn Vodun ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Inú oṣù Kìn-ín-ní ni ìsinmi ìjọba fún ẹ̀sìn ìbílẹ̀ máa ń bọ́ sí, tí àwọn àlejò láti gbogbo ayé ń rọ́ lọ sí Ouidah fún un. Fá tí àwọn Fọ̀n ń dá, Ifá tiwa ni. Gu wọn ni Ògún, Legba wọn ni Ẹlẹ́gbára, Sakpata wọn sì ni Ṣọ̀pọ̀ná. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí ìtàn rẹ̀ so mọ́ Kétu, ni UNESCO kéde ní 2001 ní ohun àjogúnbá tí Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò jọ ni. Nínú ìjọ Kristẹni náà, ẹ wo Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ń wọ aṣọ funfun rẹ̀ láti Mákòkó títí dé London. Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 1947, gbẹ́nàgbẹ́nà ará ibẹ̀ ni Wòlíì Samuel Bilewu Oshoffa, Ìmẹ̀kọ sì ni wọ́n sin ín sí lẹ́yìn tó jáde láyé ní 1985. Ọdọọdún ni àwọn ọmọ ìjọ láti orílẹ̀-èdè méjèèjì ń pàdé ní Ìmẹ̀kọ fún Kérésìmesì.

Láti etíkun yìí kan náà ni wọ́n ti kó àwọn ènìyàn wa lọ sóko ẹrú. Ní Ouidah, ọ̀nà tí wọ́n mú wọn gbà dé etí òkun ṣì wà, ẹnu-ọ̀nà ìrántí sì wà ní òpin rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó láti Kétu pọ̀ débi pé ní Bahia ní Bùràsíìlì, Kétu ni orúkọ ẹ̀ka tó gbajúmọ̀ jù lọ nínú Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ibẹ̀, títí dòní, àwọn ọmọ ilẹ̀ Dahomey sì di Jeje níbẹ̀, wọ́n di Arará ní Kúbà. Àwọn tó padà dé ni à ń pè ní Àgùdà, ní Èkó àti ní Àjàṣẹ́ bákan náà. Àwọn Mùsùlùmí àárín wọn ló kọ́ mọ́sáláṣí ńlá àtijọ́ Àjàṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, iwájú rẹ̀ sì jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia tí ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i yóò dúró wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ní ọdún 2024, Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin tó fún àwọn ọmọ àti àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà láǹfààní láti di ọmọ onílẹ̀. Ìjọba tiwa kò tíì ṣe irú rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí sì tó ohun tí ẹ lè fi ojú ìwé mẹ́rin sọ.

Ohun kan ṣì kù tó kan iṣẹ́ yín gan-an. Láti ọdún 1975 ni Bẹ̀nẹ̀ ti ní álífábẹ́ẹ̀tì kan fún gbogbo èdè abínibí wọn, Yorùbá sì wà lára wọn. Níbi tí àwa ti ń fi àmì sábẹ́ e, o àti s, àwọn ń kọ ɛ, ɔ àti sh, wọ́n sì ń kọ kp níbi tí àwa ti ń kọ p. Èdè kan náà ni, ṣùgbọ́n ọmọ ilé ìwé ní Pobẹ̀ kò lè ka ìwé ìròyìn yín geerege, ọmọ Ìlaròó náà kò sì lè ka tiwọn. Ilé ìwé Faransé tí wọ́n ń lọ àti ti Gẹ̀ẹ́sì tí àwa ń lọ ti jìnnà síra tó. Kò yẹ kí Yorùbá pẹ̀lú yà wá.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀, ì báà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì, fún Bẹ̀nẹ̀, kí ẹ sì wá akọ̀ròyìn kan ní Kétu tàbí ní Àjàṣẹ́ tí yóò máa kọ ọ́ láti ibẹ̀, kì í ṣe ẹni tí yóò jókòó sí Ìkẹjà máa tú ìròyìn Faransé. Ẹ jẹ́ kó máa sọ iye tí wọ́n ń pààrọ̀ Sẹ́fà sí náírà, iye iṣu ní Glazoué, ohun tí ìjọba wọn ń ṣe ní Glo-Djigbé, ìdìbò wọn, ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti ìwúyè àwọn ọba wọn. Ẹ tún lè máa tẹ ìròyìn kúkúrú kan ní ìlànà àkọtọ́ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, kí ojú àwọn òǹkàwé ìhà méjèèjì lè mọ́ ọn. Àwọn máàpù Bẹ̀nẹ̀ tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo sì ṣetán láti fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì yín láìgba kọ́bọ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Olùkọ́ jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìntì,
Ìlaròó, Ìpínlẹ̀ Ògùn